Ìbànújẹ́ Abiyamọ Lẹ́yìn Ìbímọ

Ó ti pẹ́ tí Yorùbá ti ní orúkọ fún wèrè tí ó máa ń kọlu obìnrin lẹ́yìn ìbímọ. Abísínwín ni wọ́n ń pè é. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo abiyamọ tí ọkàn rẹ̀ dàrú ni orí rẹ̀ yí. Láàárín ayọ̀ ìkómọjáde àti abísínwín, ìbànújẹ́ kan wà tí kò ní orúkọ pàtó lẹ́nu ará ilé, èyí sì wà lára ohun tí kì í jẹ́ kí wọ́n tètè rí i.

Ìbànújẹ́ yìí yàtọ̀ sí ẹkún ọjọ́ mélòó kan. Ó ju ìdajì àwọn ìyá lọ tí omijé máa ń bọ́ lójú wọn láìnídìí ní nǹkan bí ọjọ́ 3 sí 5 lẹ́yìn ìbímọ. Nígbà oyún, àwọn họ́mónù kan a máa pọ̀ gidigidi nínú ẹ̀jẹ̀ obìnrin. Bí ibi ọmọ bá ti jáde, wọn a já wálẹ̀ lójijì, ní àkókò kan náà tí kò sí oorun, tí ọmú sì ń wú. Láyé àtijọ́, ọjọ́ 9 ni wọ́n ń sọ ọmọkùnrin lórúkọ, ọjọ́ 7 ni ti ọmọbìnrin, ọjọ́ 8 ni ti ìbejì. Nítorí náà, ẹkún yìí lè má tíì dá nígbà tí àlejò ti kún ilé. Oorun, oúnjẹ àti ọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́ ni oògùn rẹ̀. Kì í sábà kọjá ọ̀sẹ̀ 2.

Èyí tí ó bá kọjá bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí ó kọ ará ilé lóminú. Ìsoríkọ́ abiyamọ ni. Ọmọ sùn, ìyá kò lè sùn. Oúnjẹ kò dùn lẹ́nu rẹ̀. Yóò máa dá ara rẹ̀ lẹ́bi pé òun kò yẹ ní ìyá, ẹ̀rù a sì máa bà á pé òun lè ṣe ọmọ ní jàǹbá. Ẹlòmíràn a máa ro ikú. Ó lè bẹ̀rẹ̀ láti inú oyún, ó sì lè dé nígbàkigbà láàárín ọdún àkọ́kọ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé nínú 100 obìnrin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, nǹkan bí 13 ni àìsàn ọkàn ń bá jà, ìsoríkọ́ ni ó sì pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ní àwọn orílẹ̀-èdè tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gòkè àgbà, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 20.

“Ẹ kú ewu ọmọ” ni gbogbo ẹni tí ó bá wọlé ń kí abiyamọ, bí ẹni pé ewu ti kọjá tán. Báwo ni yóò ṣe sọ pé inú òun kò dùn, nígbà tí obìnrin ilé kejì ń fi àwẹ̀ àti àdúrà wá ọmọ? Wọn yóò ní aláìmoore ni. Nítorí náà, àìsàn ara ni yóò sọ: orí ń gbóná, nǹkan ń rìn lára, àyà ń já. Wọn a sì fún un ní oògùn ibà. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bímọ láàárín sáà, tí kò lè ka ojú ìwé kan parí mọ́, ọ̀lẹ ni olùkọ́ lè kà á sí.

Ní 1987, John Cox, Jenifer Holden àti Ruth Sagovsky gbé ìbéèrè 10 kan jáde láti Edinburgh, ní Skọ́tlándì. Ohun tí ọkàn ìyá ti là kọjá láàárín ọjọ́ 7 ni wọ́n ń béèrè. Ìbéèrè ìkẹyìn dá lórí èrò láti pa ara ẹni lára. Wọ́n ti lò ó ní Nàìjíríà pẹ̀lú. Kì í sọ pé àìsàn wà. Ẹni tí ó yẹ kí wọ́n túbọ̀ yẹ̀ wò ni ó ń tọ́ka sí.

Abísínwín fúnra rẹ̀ ṣọ̀wọ́n: 1 tàbí 2 nínú 1,000 ìbímọ. Láàárín ọ̀sẹ̀ 2 àkọ́kọ́ ni ó sábà máa ń dé. Ọjọ́ náà gan-an ni kí wọ́n gbé ìyá lọ sí ilé ìwòsàn, kí wọ́n má sì fi òun àti ọmọ nìkan sílẹ̀. Ní Àrò, ní Abẹ́òkúta, láti 1954 ni Thomas Adéoyè Lambo ti bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí àwọn aláìsàn ọpọlọ fi ń gbé láàárín ará abúlé pẹ̀lú ìbátan wọn, tí wọ́n sì ń gba ìtọ́jú ní ilé ìwòsàn.

Irú ìbátan bẹ́ẹ̀ ni abiyamọ tí ó soríkọ́ náà ń fẹ́. Ìyá ọkọ tí ó wá wẹ ọmọ kí ìyá lè sùn ṣe iṣẹ́ ńlá. Èyí tí ó wá láti máa ka àṣìṣe ìyàwó, kí ó dúró sílé rẹ̀. Bí ọkọ bá gbé ọmọ lóru, kò bu ọlá rẹ̀ kù. Bí kò bá tó, ìfọ̀rọ̀wérọ̀ pẹ̀lú onímọ̀ wà, àwọn oògùn kan sì wà tí ìyá lè máa lò kí ó sì máa fún ọmọ lọ́mú. Dókítà ni yóò yan èyí tí ó yẹ, kí ìyá má sì dá a dúró fúnra rẹ̀ nígbà tí ara bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yá.