Ariwo, Ilẹ̀ àti Ìbágbépọ̀: Àgbéyẹ̀wò Aáwọ̀ Aládùúgbò ní Àwọn Abúlé àti Ìlú Kéékèèké Àyíká Ìbàdàn

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí ṣe àgbéyẹ̀wò aáwọ̀ tí ariwo máa ń dá sílẹ̀ láàrin àwọn tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ òòjọ́ wọn ní abúlé àti àwọn tí wọ́n wá ra ilẹ̀ kọ́lé sí ẹ̀gbẹ́ wọn ní ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé, Lágelú, Ẹgbẹ́dá àti Ọ̀nà-Àrà. Ó ṣàlàyé bí ariwo ṣe ń rìn, ohun tí òfin sọ nípa rẹ̀, àti bí àṣà Yorùbá ṣe ń fún ariwo ní àsìkò tirẹ̀. Èrò tí ó gbé kalẹ̀ ni pé ìbéèrè “ta ni ó kọ́kọ́ dé?” kò lè parí irú aáwọ̀ bẹ́ẹ̀. Àdéhùn lórí àsìkò ni ó lè parí rẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n bá sì ta ilẹ̀ ni ó yẹ kí àdéhùn náà ti bẹ̀rẹ̀.

Ìfáàrà

Nínú ìjọba ìbílẹ̀ mọ́kànlá tí ó wà ní ilẹ̀ Ìbàdàn, márùn-ún wà ní àárín ìlú, mẹ́fà sì yí wọn ká. Akínyẹlé, Lágelú, Ẹgbẹ́dá àti Ọ̀nà-Àrà wà lára mẹ́fà náà. Ilẹ̀ tí àwọn baba ńlá fi dá oko kòkó, iṣu, àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ ni ó ti ń di ilẹ̀ ilé gbígbé. Ní Mọníyà, olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé, ibùdókọ̀ ojú irin tuntun ti ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2021. Ní ọ̀nà Ifẹ̀, ilé ti kún láti Aláàkíà dé Ẹgbẹ́dá. Ní ọ̀nà Ìwó, ilé ń sún mọ́ Lálúpọn. Ní Ọ̀nà-Àrà, ilé ti kọjá Amúlókò, ó ń lọ sí ìhà Akànràn.

Níbi tí ilé bá ti pàdé oko, ariwo kì í pẹ́ di ìjà. Ìyá tí ó ni ẹ̀rọ ìrin-ẹ̀gẹ́ fẹ́ tètè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kí gààrí rẹ̀ lè bá ọjà. Nọ́ọ̀sì tí ó ṣiṣẹ́ mọ́jú ní ilé ìwòsàn fẹ́ sùn. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó ń ṣe àfojúdi sí èkejì: oúnjẹ ni ọ̀kan ń wá, ìlera ni èkejì ń dáàbò bò. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ náà fi le.

Orísun Ariwo ní Abúlé

Ẹ̀rọ ìrin-ẹ̀gẹ́ àti ẹ̀rọ ìlọta tí ń lo díísù ni ó wọ́pọ̀ jù nínú ẹjọ́ tí àwọn onílé tuntun ń rò. Ṣùgbọ́n ẹ̀gẹ́ kì í ṣe ohun tí ó ṣeé fi pamọ́. Bí wọ́n bá ti wú u, nǹkan bí ọjọ́ méjì sí mẹ́ta ni ó fi ń bẹ̀rẹ̀ sí bàjẹ́. Ẹni tí ó bá sọ pé kí ẹ̀rọ dákẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan ti sọ pé kí oko náà ṣòfò. Àwọn ọgbà adìẹ náà wà níbẹ̀, tí àkùkọ kì í dúró kí ilẹ̀ mọ́ kí ó tó kọ.

Kì í ṣe àwọn ará abúlé nìkan ni ó ń pariwo. Jẹnẹrétọ̀ onílé tuntun ń dún mọ́jú. Ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n dá sílẹ̀ nínú ilé ìgbé ń gbé gbohùngbohùn síta fún ìsìn àìsùn. Mọ́sálásí ń kọ́ ẹ̀rọ tirẹ̀ sókè. Òde ìnáwó alẹ́ Sátidé sì ń wọ òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú. Àgbẹ̀ tí yóò jí lọ sóko ní àfẹ̀mọ́júmọ́ ń sùn ní kùtùkùtù alẹ́, òun náà sì ní ẹjọ́ tirẹ̀ láti rò.

Bí Ariwo ṣe ń Rìn

Dẹ́síbẹ̀lì ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì fi ń wọn ariwo. Ìwọ̀n yìí kò dà bí kóńgò àgbàdo, tí ọ̀kan kàn ń lé lórí ọ̀kan. Bí ariwo bá fi dẹ́síbẹ̀lì 10 lé sí i, agbára rẹ̀ ti di ìlọ́po mẹ́wàá, etí yóò sì gbọ́ ọ bí ẹni pé ó ti di ìlọ́po méjì. Ní gbangba tí nǹkan kan kò dí i, nígbàkígbà tí ènìyàn bá fi ìlọ́po méjì jìnnà sí orísun ariwo, ariwo náà ń fi nǹkan bí dẹ́síbẹ̀lì 6 dín kù. Bí àpẹẹrẹ, ẹ̀rọ tí ń dún ní dẹ́síbẹ̀lì 90 ní mítà 1 yóò jẹ́ 84 ní mítà 2, 78 ní mítà 4, yóò sì kù sí 54 ní mítà 64. Púlọ́ọ̀tì ilẹ̀ ní àyíká Ìbàdàn sábà máa ń jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 50 sí 100. Mítà 64 fi díẹ̀ ju òró púlọ́ọ̀tì méjì lọ. Bẹ́ẹ̀, ìlànà tí Àjọ Elétò Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní ọdún 1999 sọ pé kí ariwo inú yàrá tí ènìyàn ń sùn sí má ju dẹ́síbẹ̀lì 30 lọ.

Òru tún ní ọ̀ràn tirẹ̀. Lọ́sàn-án, oòrùn ń mú ilẹ̀ gbóná, ohùn sì ń tẹ̀ sókè lọ. Lóru, afẹ́fẹ́ ìsàlẹ̀ máa ń tutù ju ti òkè lọ, èyí sì ń tẹ ohùn padà sí ilẹ̀, tí yóò fi rìn jìnnà. Nítorí náà, ẹni tí ó sọ pé ẹ̀rọ kan náà ń dún ju ti ọ̀sán lọ lóru kò purọ́, ẹlẹ́rọ tí ó sì búra pé òun kò yí nǹkan kan padà kò purọ́ pẹ̀lú.

Ohun tí Òfin Sọ

Ìlànà ìjọba àpapọ̀ lórí ariwo, tí ó jáde ní ọdún 2009 lábẹ́ òfin àjọ NESREA, pín ọjọ́ sí méjì: aago mẹ́fà òwúrọ̀ sí aago mẹ́wàá alẹ́, àti aago mẹ́wàá alẹ́ sí aago mẹ́fà òwúrọ̀. Fún ilé gbígbé, dẹ́síbẹ̀lì 50 ni òdiwọ̀n ọ̀sán, 35 ni ti òru. Níbi tí ilé àti iṣẹ́ ọwọ́ kéékèèké bá ti wà pọ̀, 60 ni ti ọ̀sán, 50 ni ti òru. Bí ẹ̀rọ òkè yìí bá wà ní irú àdúgbò àdàlù bẹ́ẹ̀, 54 tí ó dé ilé aládùúgbò kò lòdì sí òdiwọ̀n ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀, ṣùgbọ́n ó lòdì sí i ní aago márùn-ún ìdájí. Ariwo kan náà ni; àsìkò ni ó yàtọ̀.

Ilé ẹjọ́ pẹ̀lú ti dá irú ẹjọ́ yìí. Ní ọdún 1970, ẹnìkan ní Sùúrùlérè ní Èkó pe aládùúgbò rẹ̀ lẹ́jọ́ nítorí ariwo àti òórùn adìẹ tí ó ń sìn ní ẹ̀yìnkùlé, ilé ẹjọ́ sì dá a láre. Ní ọdún 1971, agbẹjọ́rò kan ní Warri jàre ilé-iṣẹ́ tí ń kan ọkọ̀ ojú omi, nítorí ariwo àti èéfín ibi iṣẹ́ wọn.

Ní ti ẹni tí ó kọ́kọ́ dé, ẹjọ́ tí àwọn amòfin ń tọ́ka sí jù ni ti Sturges àti Bridgman, tí wọ́n dá ní London ní ọdún 1879. Ó lé ní ogún ọdún tí Bridgman, oníṣòwò ìpápánu aládùn, ti ń gún nǹkan nínú odó ní ẹ̀yìn ilé rẹ̀. Dókítà Sturges wá kọ́ yàrá ìtọ́jú aláìsàn sí ẹ̀bá ògiri náà, ó sì pe ẹlẹ́ẹ̀kejì rẹ̀ lẹ́jọ́. Dókítà ni ó jàre, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé odó ni ó ṣáájú. Ṣùgbọ́n ilé ẹjọ́ náà sọ pẹ̀lú pé irú àdúgbò tí ọ̀rọ̀ ti ṣẹlẹ̀ ṣe pàtàkì. Ní ọdún 2014, nínú ẹjọ́ pápá ìdíje ọkọ̀ kan, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Britain tún ìlànà yìí sọ, ó sì fi kún un pé ọ̀rọ̀ lè yàtọ̀ fún ẹni tí ó yí ìlò ilẹ̀ tirẹ̀ padà kí ariwo tó di wàhálà fún un. Ní Amẹ́ríkà ẹ̀wẹ̀, gbogbo ìpínlẹ̀ 50 ni ó ní òfin tí ń dáàbò bo oko lọ́wọ́ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀. Èyí fi hàn pé òfin fúnra rẹ̀ kò tíì fi ohùn kan dáhùn ìbéèrè “ta ni ó kọ́kọ́ dé?”

Ní ti ìsìn, abala 38 ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 fún oníkálukú ní ẹ̀tọ́ láti sin Ọlọ́run rẹ̀, abala 37 sì dáàbò bo ìdákọ́ńkọ́ ilé ẹni. Abala 45 gba ìjọba láyè láti pààlà sí ẹ̀tọ́ méjèèjì nítorí ìlera àwùjọ. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2016, ìròyìn kàn pé ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ti ṣọ́ọ̀ṣì 70 àti mọ́sálásí 20 pa nítorí ariwo. Títì pa lè mú kí àdúgbò dákẹ́, kò mú kí àwọn aládùúgbò bára wọn sọ̀rọ̀.

Ariwo àti Àsìkò nínú Àṣà

Yorùbá kò kórìíra ariwo. Àsìkò ni ó ń fún un. Akéde máa ń lu agogo rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ tí àwọn ènìyàn ti darí oko dé. Lọ́jọ́ ọdún Òkè’Bàdàn, orin tí kò ṣeé kọ lọ́jọ́ mìíràn di orin tí tọmọdé tàgbà ń kọ kiri ìgboro. Nínú oṣù Ràmádáànì, àwọn ọ̀dọ́ a máa kọrin wéré láti jí àwọn Mùsùlùmí jẹ sààrì. Nínú irú orin bẹ́ẹ̀ ni fújì ti ṣẹ̀. Àwọn aládùúgbò fara dà á nítorí wọ́n mọ ọjọ́ tí yóò bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tí yóò tán. Yorùbá ní, “Ìgbà ara ni à ń búra; ẹnìkan kì í bú Ṣàngó lẹ́ẹ̀rùn.” Ariwo tí kò ní òpin ni ó ń bí ènìyàn nínú jù.

Ohun kan náà ni ó hàn lórí àwọn odò àgbẹ́kọ́ ní London, níbi tí àwọn ènìyàn ń gbé inú ọkọ̀ ojú omi. Wọ́n ń tan ẹ́ńjìnnì láti fi rí iná lò, àwọn tí ilé wọn wà létí odò sì ń ráhùn. Àjọ Canal & River Trust, tí ó gba àkóso odò wọ̀nyí ní ọdún 2012, ní kí wọ́n má ṣe tan ẹ́ńjìnnì láti aago mẹ́jọ alẹ́ sí aago mẹ́jọ òwúrọ̀. Ní agbègbè Islington, wọ́n tún pèsè iná mànàmáná sí etí odò kí àwọn ọlọ́kọ̀ lè dín títan ẹ́ńjìnnì kù. Wọn kò bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹni tí ó kọ́kọ́ dé. Àsìkò ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì wá nǹkan mìíràn tí yóò ṣe iṣẹ́ ẹ́ńjìnnì.

Ọ̀nà Àbáyọ

Ẹnìkan wà tí kì í sí níbẹ̀ nígbà tí ìjà bá dé: ìdílé tí ó ta ilẹ̀. Ìdílé yìí ni ó mọ̀ pé ẹ̀rọ wà lẹ́yìnkùlé. Òun náà ni ó mú oníbàárà wá wo ilẹ̀ ní ọ̀sán tí ẹ̀rọ ti dákẹ́. Nítorí náà, èkínní, ó yẹ kí mọ́gàjí àti Baálẹ̀ sọ fún ẹni tí ń ra ilẹ̀ ohun tí ń dún ní àyíká rẹ̀ àti ìgbà tí ó ń dún, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn. Bí wọ́n bá pa á mọ́, ó tọ́ kí ìdílé náà dá sí owó tí wọn yóò fi sún ẹ̀rọ síbòmíràn.

Èkejì, kí Baálẹ̀, ẹgbẹ́ onílé àti àwọn ẹlẹ́rọ jọ fi ẹnu kò lórí wákàtí tí ariwo lè bẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tí yóò dákẹ́, pẹ̀lú àyè fún ọjọ́ ọjà àti àsìkò ìkórè. Kí jẹnẹrétọ̀, gbohùngbohùn àti òde ìnáwó àwọn onílé wà nínú àdéhùn kan náà. Òfin tí ó bá mú ará oko tí kò mú onílé yóò bí ìjà mìíràn.

Ẹ̀kẹta ni ti iṣẹ́ ọwọ́. Sálẹ́ńsà tí ó péye, ẹ́sọ́ọ̀sì tí a yí kúrò ní ìhà ilé, àti ògiri búlọ́ọ̀kù láàrin ẹ̀rọ àti yàrá yóò dín ariwo kù. Níbi tí iná bá ti wà, mọ́tò oníná kò pariwo tó ẹ́ńjìnnì díísù.

Ẹ̀kẹrin, kí ẹni tí ariwo ń dà láàmú kọ́kọ́ lọ bá ẹlẹ́rọ ní ọ̀sán, nígbà tí inú kò ru. Bí kò bá yanjú, kí ó lọ sọ́dọ̀ Baálẹ̀ àti ẹgbẹ́ onílé; lẹ́yìn náà, wolé-wolé ìjọba ìbílẹ̀. Ilé ẹjọ́ ni kí ó gbẹ̀yìn.

Ìgúnlẹ̀

Iṣẹ́ yìí ti fi hàn pé aáwọ̀ lórí ariwo ní àwọn abúlé àyíká Ìbàdàn kì í ṣe ìjà ará oko ọ̀dájú àti onílé onígbéraga. Ìlú tí ń fẹ̀, ilẹ̀ tí wọ́n tà láìsọ ohun tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àti ariwo tí kò ní àsìkò ni ó fà á. Òfin lè dá ẹnìkan láre, ṣùgbọ́n ẹni tí ó jàre yóò tún ra gààrí lọ́wọ́ ẹni tí ó jẹ̀bi, ọmọ wọn yóò sì jọ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ kan náà. Àwọn àgbà ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ṣọ̀rẹ́. Bí àdéhùn bá ti wà láti ọjọ́ tí wọ́n ta ilẹ̀, ẹ̀rọ yóò máa lọ ẹ̀gẹ́, aládùúgbò yóò sì rí oorun sùn.