Irinṣẹ́ tuntun tó ń jẹ́ orúkọ àtijọ́



Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀kan nínú yín pè mí: "Prof, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ní òwe tó mẹ́nu ba aáyán? Mo fẹ́ lò ó nínú tíísìsì mi." Ó pẹ́ tí mo ti ń kó òwe jọ sínú kọ̀ǹpútà, nítorí náà mo tẹ àṣẹ tó ti mọ́ mi lọ́wọ́:

grep -r aáyán òwe

Ìyẹn ni pé: bá mi wá "aáyán" káàkiri inú fódà tó ń jẹ́ òwe. Ẹ wo ohun tí mo rí:

bí ọ̀rọ̀ bá sọnù, aáyán la fi ń wá a.

Ẹ̀rín pa mí, ẹ̀rù sì bà mí. Ta ló ba òwe mi jẹ́?

Kò sẹ́ni tó bà á jẹ́. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló fi ripgrep sínú ẹ̀rọ mi, ó ní, "Dádì, ó yára ju grep lọ." Kó má baà ni mí lára, ó ṣètò rẹ̀ pé bí mo bá ti tẹ grep, ripgrep ni kó jẹ́ ẹ. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Ken Thompson ló kọ grep fún Unix. Ó ti wà láti 1973. Andrew Gallant gbé ripgrep jáde ní 2016. Rg ni àṣẹ rẹ̀. Lọ́dọ̀ grep, -r túmọ̀ sí "wọ inú àwọn fódà lọ". Ìyẹn ni rg máa ń ṣe láìjẹ́ pé a sọ fún un, ló bá fún -r níṣẹ́ mìíràn: "fi ọ̀rọ̀ yìí rọ́pò." Ó wá "òwe", ó sì fi "aáyán" rọ́pò rẹ̀. Ojú ẹ̀rọ nìkan ló ti ṣe é o. Fáìlì mi ò yí padà.

Mo tún un tẹ̀ bó ṣe yẹ: rg aáyán òwe. Kò rí nǹkan kan! Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ fún ọmọ náà pé kò sí. Àṣé rg kì í wo fáìlì tó bá fara pamọ́, kì í sì í wo èyí tí a bá kọ sínú .gitignore. Inú rẹ̀ sì ni a kọ fódà òwe Lálúpọn sí. Nígbà tí mo fi -uuu kún un, tó wá ń wo gbogbo nǹkan, òwe mẹ́ta jáde.

Kò túmọ̀ sí pé rg kò dára. Ẹni tó ń wá nǹkan nínú kóòdù kò fẹ́ kí pàǹtírí bo ojú òun. Grep ní tirẹ̀ kò lè dédé yí padà, torí ẹgbàágbèje ètò ló gbára lé e.

Àkọtọ́ wa náà rí bẹ́ẹ̀. Láti 1974 ni a ti fọwọ́ sí "ayé" dípò "aiye", "wọ́n" dípò "nwọn". Àtúnṣe gidi ni, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi "ayé" wá inú ìwé àtijọ́ á pàdánù gbogbo "aiye" ibẹ̀.

Mo ti ya orúkọ wọn sọ́tọ̀: grep ń jẹ́ grep, rg ń jẹ́ rg. Bí mo bá ń kánjú, màá lo rg. Ṣùgbọ́n kí n tó sọ fún ẹnikẹ́ni pé "kò sí", grep ni màá kọ́kọ́ bi.