Kókó inú ẹṣẹ́ pítúítárì àti ẹ̀jẹ̀ ríru

Kókó inú ẹṣẹ́ pítúítárì ni ẹran ara tí ń hù láìtọ́ lára ẹṣẹ́ kékeré kan tó wà ní ìsàlẹ̀ ọpọlọ, lẹ́yìn ihò imú. Ẹṣẹ́ náà kò ju hóró ẹ̀wà kan lọ, kò sì wúwo tó gíráàmù kan. Síbẹ̀, òun ló ń darí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹṣẹ́ yòókù nípasẹ̀ họ́mọ̀nù, ìyẹn àwọn èròjà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbé kiri láti sọ ohun tí ẹ̀yà ara kọ̀ọ̀kan yóò ṣe fún un. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn kókó wọ̀nyí kì í ṣe jẹjẹrẹ. Bí a bá yẹ òkú ènìyàn 10 wò, ó ṣeé ṣe kí a rí i nínú orí ọ̀kan nínú wọn, láìjẹ́ pé ó yọ ọ́ lẹ́nu rí. Àwọn tí ń dá wàhálà sílẹ̀ ni àwọn tó tóbi débi pé wọ́n ń tẹ iṣan ojú tó gba òkè wọn kọjá, àti àwọn tí ń tú họ́mọ̀nù jáde ju bó ṣe yẹ lọ. Nínú àwọn tí ń tú họ́mọ̀nù jáde yìí, oríṣi méjì ni a mọ̀ dáadáa pé ó ń mú ẹ̀jẹ̀ ru.

Harvey Cushing, oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ ará Amẹ́ríkà, ló so èkíní pọ̀ mọ́ ẹṣẹ́ yìí nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1932, orúkọ rẹ̀ ni a sì fi ń pe àrùn náà. Kókó náà ń tú họ́mọ̀nù ACTH jáde, èyí tí ń pàṣẹ fún ẹṣẹ́ orí kíndìnrín láti máa pèsè cortisol. Ara kò lè ṣe aláìní cortisol, ṣùgbọ́n àpọ̀jù rẹ̀ léwu. Nínú kíndìnrín, èròjà kan wà tí ń gba agbára lọ́wọ́ cortisol kí ó má baà ṣe iṣẹ́ aldosterone, họ́mọ̀nù tí ń dá iyọ̀ dúró sínú ara. Bí cortisol bá ti pọ̀ jù, apá èròjà yìí kì í ká a mọ́. Iyọ̀ àti omi á dúró sínú ara, òpó ẹ̀jẹ̀ á máa sún kì, ẹ̀jẹ̀ á sì ru. Nínú ènìyàn 10 tó ní àrùn Cushing, ẹ̀jẹ̀ nǹkan bí 7 tàbí 8 ló ń ru.

Èkejì ni acromegaly, tí Pierre Marie ará Faransé fún lórúkọ ní 1886. Họ́mọ̀nù ìdàgbàsókè ló ń pọ̀ jù nínú èyí: òrùka kò ní wọ ìka mọ́, bàtà á fún, àgbọ̀n á yọ síwájú, híhanrun á sì le lóru. Nǹkan bí ìdá mẹ́ta àwọn tó ní in ni ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru.

Àrùn Cushing ṣọ̀wọ́n: nǹkan bí ènìyàn 1 sí 3 nínú mílíọ̀nù kan ni a ń rí i lára wọn lọ́dọọdún. Ẹ̀jẹ̀ ríru lásán ní tirẹ̀ wọ́pọ̀. Ní Burkina Faso, ìwádìí tí wọ́n ṣe káàkiri orílẹ̀-èdè náà ní 2013 rí i lára nǹkan bí 18 nínú 100 àgbàlagbà tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín ọdún 25 sí 64. Nítorí náà, bí obìnrin kan ní Cissin, àdúgbò kan ní apá gúúsù Ouagadougou, bá lọ wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ní ilé ìtọ́jú àdúgbò tí wọ́n ń pè ní CSPS, tí ó sì ju 140/90 lọ, kò sí ẹni tí yóò kọ́kọ́ ronú kan ẹṣẹ́ inú orí rẹ̀, kò sì burú bẹ́ẹ̀. Ibi tí ọ̀ràn wà ni kí wọ́n máa fi oògùn kún oògùn fún ọdún mélòó kan, kí ẹ̀jẹ̀ má sì wálẹ̀, nígbà tí àmì wà lára rẹ̀ kedere. Ojú á rí róbótó, ikùn á yọ, apá àti ẹsẹ̀ á tín-ín-rín, ìlà aláwọ̀ àlùkò á hàn ní ikùn, àtidìde lórí ìjókòó á di iṣẹ́, nǹkan oṣù á dáwọ́ dúró. Láwùjọ tiwa, ẹni tí ojú rẹ̀ bá kún, wọ́n á kí i pé ayé ti dẹ̀ ẹ́ lọ́rùn. Ìkíni yìí ti fi àìsàn pamọ́ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Kí ìtọ́jú tó dé, nǹkan bí ìdajì àwọn tó ní àrùn yìí ló ń kú láàárín ọdún 5.

Ohun kan tún wà tí dókítà gbọ́dọ̀ bèèrè kó tó wá kókó kiri. Ìpara tí ń bó àwọ̀, tó ní clobetasol nínú, àti hóró dexamethasone tí wọ́n ń tà lójú títì fún ẹni tó fẹ́ sanra, máa ń mú irú ara kan náà àti ẹ̀jẹ̀ ríru kan náà wá. Ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, irú èyí wọ́pọ̀ gan-an ju ti kókó lọ. Ẹni tó ti ń lò ó fún ìgbà pípẹ́ kò gbọdọ̀ ṣàdédé fi í sílẹ̀, nítorí ẹṣẹ́ orí kíndìnrín rẹ̀ ti sùn. Dókítà ni yóò máa dín in kù díẹ̀díẹ̀.

Bí kò bá sí irú oògùn bẹ́ẹ̀, àyẹ̀wò àkọ́kọ́ kò le. Aláìsàn á gbé mílígíráàmù 1 dexamethasone mì ní agogo 11 alẹ́, wọ́n á sì gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ní agogo 8 àárọ̀. Nínú ara tó dá, cortisol á ti wálẹ̀ gan-an. Bí kò bá wálẹ̀, àyẹ̀wò mìíràn á tẹ̀ lé e kí wọ́n tó fi ẹ̀rọ MRI ya àwòrán orí. Iṣẹ́ abẹ ni ìtọ́jú tó ga jù, ihò imú ni wọ́n sì sábà máa ń gbà ṣe é láìla agbárí. Látunde Odeku, ọmọ Awẹ́, ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ abẹ ọpọlọ ní ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn ní 1962. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ tó yọrí sí rere, ẹ̀jẹ̀ ọ̀pọ̀ aláìsàn máa ń wálẹ̀. Ti àwọn mìíràn kì í padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ pátápátá, pàápàá bí ó bá ti pẹ́ tó ti ń ru, nítorí òpó ẹ̀jẹ̀ wọn ti le.