Eruku tó wà lókè ibi tí òjò ti ń rọ̀

Ní oṣù kẹfà ọdún 1991, òkè oníná kan tí ń jẹ́ Pinatubo bú gbàmù ní orílẹ̀-èdè Filipínì. Eérú bo ilẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì kú. Èéfín imí ọjọ́ tí ó tó nǹkan bí mílíọ̀nù 15 tọ́ọ̀nù gòkè lọ sí òfúrufú. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ìgbóná ayé dín kù ní nǹkan bí ìdajì dígírì, òjò sì dín kù lórí ilẹ̀.

Báwo ni èéfín òkè kan ṣoṣo ṣe lè mú gbogbo ayé tutù?

Gbogbo wa la mọ eruku ọyẹ́. Ó ń bo ojú oòrùn, ṣùgbọ́n bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀, ojú ọ̀run á mọ́. Ní agbègbè tiwa, bí a bá gòkè ju nǹkan bí kìlómítà 17 lọ, kò sí òjò mọ́ tí yóò fọ eruku kúrò. Níbẹ̀, èéfín imí ọjọ́ ń di ẹ̀kán kéékèèké tí ojú kò lè rí. Atẹ́gùn ń gbé wọn yí ayé ká fún ọdún kan tàbí méjì, wọ́n sì ń dá díẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ oòrùn padà.

Sátẹ́láìtì ni àwọn onímọ̀ fi ń ṣọ́ eruku yìí. Ní ọdún 1984, Amẹ́ríkà gbé ẹ̀rọ kan tí ń jẹ́ SAGE II sókè. Ó ń wo oòrùn nígbà tí ó bá ń yọ àti nígbà tí ó bá ń wọ̀. Bí a bá ta aṣọ síwájú àtùpà, bí aṣọ náà bá ṣe nípọn tó ni ìmọ́lẹ̀ yóò ṣe dín kù tó. Bákan náà ni ẹ̀rọ náà ń ti ara ìmọ́lẹ̀ tó dín kù mọ bí eruku ṣe pọ̀ tó.

Ó ṣiṣẹ́ títí di ọdún 2005. Ọdún 2017 ni wọ́n gbé irú rẹ̀ mìíràn lọ sí ibùdó òfúrufú àwọn orílẹ̀-èdè. Láàárín àkókò náà, àwọn ẹ̀rọ tó ń wọn eruku lọ́nà mìíràn ló dí àlàfo. Àmọ́ bí oníṣòwò bá pààrọ̀ igbá tí ó fi ń wọn àgbàdo, ó ní láti fi igbá méjèèjì wọn àgbàdo kan náà kí ó tó lè fi ọjà àná wé tòní. Iṣẹ́ yìí ni àwọn onímọ̀ ń ṣe láti so ìṣirò ọdún pọ̀ mọ́ra.

Kí ni èrè rẹ̀? Àwọn kan ń dábàá pé kí a mọ̀ọ́mọ̀ fọ́n irú eruku bẹ́ẹ̀ sókè kí ayé lè tutù. Àwọn mìíràn ń bẹ̀rù pé òjò lè yẹ̀ lórí àwọn àgbẹ̀ tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Ẹni tí kò mọ bí omi kànga rẹ̀ ṣe rí lánàá, báwo ni yóò ṣe mọ̀ bí ẹnìkan bá da nǹkan sí i lónìí?