Ẹran Màlúù Sísun àti Ọbẹ̀ Rẹ̀ Nínú Ilé

Ẹ̀yin ìyá àti bàbá inú ìdílé, kò sí ẹni tí ń gbé ní Ilua tàbí ní Òkèhò tí kò mọ màlúù. Inú pápá wa ni àwọn Fúlàní ti ń dà á, ẹran rẹ̀ ni a sì fi ń ṣe àlejò nígbà ìgbéyàwó, ìsìnkú àti ọdún. Sísè ni a sábà máa ń sè é. Ṣùgbọ́n àwọn ìdílé mìíràn ti ń fẹ́ odidi ègé ńlá tí a sun, tí a sì fi ọbẹ̀ wáìnì tẹ̀lé, bí wọ́n ti rí i ní hòtẹ́ẹ̀lì tàbí ní ìlú òyìnbó. Kò sí ohun tí ó burú nínú èyí, bí a bá lè rí i dájú pé iná dé àárín ẹran, tí a sì mọ irú àwọn ènìyàn tí yóò jẹ ọbẹ̀ náà.

Èéṣe tí a fi ń tẹnu mọ́ àárín ẹran? Màlúù tí ó bá jẹko níbi tí ènìyàn ti ṣe ìgbọ̀nsẹ̀ lè gbé ẹyin aràn mì. Ọmọ aràn náà yóò wọ inú ẹran ara rẹ̀ lọ, yóò sì wà níbẹ̀ bí hóró funfun kékeré. Bí ènìyàn bá jẹ irú ẹran bẹ́ẹ̀ láìjinná, inú ìfun rẹ̀ ni aràn náà yóò ti dàgbà, ó sì lè gùn ju mítà 5 lọ. Ikọ́ fée ti màlúù náà ń bẹ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wàrà tí a kò sè ni ó sábà máa ń bá dé ara ènìyàn. Nínú ìwé ìlànà márùn-ún lórí oúnjẹ tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní ọdún 2001, wọ́n ní kí ooru àárín oúnjẹ dé ìwọ̀n 70 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ẹran tí ó ṣì pọ́n nínú, èyí tí àwọn òyìnbó kan fẹ́ràn, kò yẹ fún ọmọdé, aláboyún tàbí arúgbó.

Ẹ ra ẹran tí dókítà ẹran ti yẹ̀ wò. Èyí tí ó kú fúnra rẹ̀, ẹ má ṣe rà á bí ó ti wù kí owó rẹ̀ kéré tó. Ní oṣù Keje ọdún 2023, ìjọba àpapọ̀ kéde pé àrùn áńtíráàsì ti wà lára ẹran ọ̀sìn ní Ìpínlẹ̀ Niger, iná ìdáná kò sì ṣeé gbọ́kàn lé láti pa kòkòrò àrùn yìí.

Màlúù tí ó ti rìn jìnnà máa ń le. Nítorí náà, ìgẹ̀ tàbí apá iwájú, nǹkan bí kílò 2, ni ó dára jù, kí a sì fi iná jẹ́jẹ́ sè é pẹ́. Iná pípẹ́ yìí ni yóò sọ iṣan líle inú rẹ̀ di rírọ̀. Àwọn kan ń ju hóró parasitamọ́ọ̀lù sínú ìkòkò kí ẹran lè tètè rọ̀. Májèlé ni wọ́n ń ṣe fún ara wọn. NAFDAC pàápàá ti kìlọ̀ lórí rẹ̀.

Ẹ fi iyọ̀, ata, aáyù àti àtalẹ̀ pa ẹran náà lára. Ẹ gbé ìkòkò irin tí ìdí rẹ̀ nípọn ka iná èédú, ẹ da òróró díẹ̀ sí i, kí ẹ sì yí ẹran náà títí gbogbo ara rẹ̀ yóò fi pọ́n bí kọfí. Àwọ̀ yìí ni adùn ọbẹ̀ ti ń wá, ẹ má ṣe kánjú níbẹ̀. Lẹ́yìn èyí, ẹ kó àlùbọ́sà àti tòmátì sí i, ẹ bu omi ife méjì lé e, ẹ dé e, kí ẹ sì kó ẹyin iná díẹ̀ sórí ọmọrí. Ẹni tí kò ní ààrò òyìnbó ti ní ọ̀kan báyìí. Ẹ máa yí ẹran náà padà ní ìdajì wákàtí mẹ́ta-mẹ́ta títí di wákàtí 3. Bí fọ́ọ̀kì bá wọ àárín rẹ̀ láìjà, tí omi tí ó jáde kò sì pọ́n, ó ti jinná. Ìta gbangba ni kí ẹ ti ṣe gbogbo èyí, nítorí èédú tí ń jó nínú yàrá tí a tì máa ń tú afẹ́fẹ́ olóró jáde, èyí tí kò ní òórùn, tí ó sì ń pa odidi ìdílé lójú oorun.

Ó ku ọ̀rọ̀ wáìnì. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé bí ọbẹ̀ bá ti hó, ọtí inú rẹ̀ ti lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn onímọ̀ oúnjẹ ní Amẹ́ríkà wọ̀n ọ́n: lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15 lórí iná, nǹkan bí ìdá 40 nínú 100 ọtí náà ṣì wà; lẹ́yìn wákàtí kan, ìdá 25; lẹ́yìn wákàtí méjì àtààbọ̀, ìdá 5. Ẹni tí ó bá da wáìnì tàbí ẹmu sí ọbẹ̀ nígbà tí ó kù díẹ̀ kí ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ọtí gidi ni ó ń bù fún ènìyàn. Bẹ́ẹ̀ ni a kò tíì mọ ìwọ̀n ọtí kankan tí kò lè pa ọmọ inú lára. Ẹni tí ó ń lo Flagyl náà ní láti yẹra fún ọtí. Nínú agbo ilé kan náà ni Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì wa sì ti ń jẹun. Ẹ má ṣe bu ọbẹ̀ ọtí fún àlejò láìsọ fún un.

Kíkan wáìnì ni ọbẹ̀ ń fẹ́ jù, èyí sì wà lọ́dọ̀ wa. Ẹ rẹ èso àjàgbọn sínú omi gbígbóná, ẹ sẹ́ ẹ, kí ẹ da ife kan sínú ìkòkò pẹ̀lú tòmátì. Omídùn náà lè ṣe é, ṣùgbọ́n òórùn rẹ̀ kì í tẹ́ gbogbo ènìyàn lọ́rùn. Bí ẹran bá ti jinná, ẹ gbé e sọ́tọ̀ fún ìṣẹ́jú 15, ẹ ré ọ̀rá ojú ọbẹ̀ kúrò, kí ẹ sì jẹ́ kí ó hó títí yóò fi ki. Ọ̀bẹ tí ẹ fi gé ẹran tútù, ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ kí ẹ tó fi gé èyí tí ó jinná.

Èyí tí ó bá ṣẹ́kù kò gbọdọ̀ ju wákàtí 2 lọ nílẹ̀ kí ó tó wọ fíríìjì. Níbi tí iná mànàmáná kò bá sí, ègé tí ilé yóò jẹ tán lọ́jọ́ náà ni kí ẹ sun.