Ìṣẹ́jú kan ni píkọ́ọ̀pù kan fi ń tẹ̀ lé èkejì, àmọ́ ìṣẹ́jú kan kọ́ ni wọ́n fi ń ṣe é

Láti ìlú Ara dé Ẹdẹ, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, kò sí oníṣòwò tí kò mọ iṣẹ́ tí ọkọ̀ píkọ́ọ̀pù ń ṣe. Òun ló ń kó ẹ̀gẹ́ kúrò lóko, òun náà ló ń gbé àpò gàrí lọ sọ́jà. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá béèrè pé báwo ló ṣe ń pẹ́ tó kí iléeṣẹ́ tó ṣe ẹyọ kan, ìdáhùn méjì ló wà, owó oníṣòwò sì lè há sí àárín méjèèjì.

Ní Dearborn, nílẹ̀ Amẹ́ríkà, níbi tí Ford ti ń ṣe F-150, bíi ìṣẹ́jú kan péré ló wà láàárín kí ọkọ̀ kan jáde àti kí òmíràn tẹ̀ lé e. Àmọ́ èyí tó jáde yẹn ti wà lẹ́nu iṣẹ́ láti bí ọjọ́ kan. Wọ́n ti to ara rẹ̀ pọ̀, wọ́n ti kùn ún lọ́dà, ọ̀dà ti gbẹ nínú iná, kí wọ́n tó de ẹ́ńjìnnì, àga àti táyà mọ́ ọn. Bí wọ́n bá ro wákàtí tí gbogbo òṣìṣẹ́ lò lórí ẹyọ kan pọ̀, ó lè tó 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹni tó ń yan gàrí yóò tètè mọ bó ṣe rí. Ẹ̀gẹ́ tí wọ́n bẹ lónìí kò ní di gàrí lónìí. Wọ́n á rìn ín, wọ́n á dì í sápò kó lè kan, ó sì lè tó ọjọ́ méjì sí mẹ́ta. Síbẹ̀ agbada kì í sinmi, nítorí èyí tí wọ́n bẹ níjẹta ni wọ́n ń yan lónìí.

Henry Ford ló sọ irú ètò yìí di ńlá nídìí ọkọ̀. Lọ́dún 1913, ó lé ní wákàtí 12 kí wọ́n tó to férémù Model T kan pọ̀. Nígbà tí wọ́n mú kí ọkọ̀ máa wá bá òṣìṣẹ́ níbi tó dúró sí, ó di wákàtí kan ààbọ̀ lọ́dún 1914. Ọdún 1925 ni Ford tó ta píkọ́ọ̀pù tó ní ẹ̀yìn láti iléeṣẹ́. Kó tó dìgbà yẹn, oníbàárà ló ń wá ẹni tí yóò kan ẹ̀yìn mọ́ ọn, bí àwọn káfíńtà wa náà ṣe kan pákó mọ́ Bedford tó di bọ́lẹ́kájà.

Nílẹ̀ wa, Coscharis àti Ford bẹ̀rẹ̀ sí í to píkọ́ọ̀pù Ranger pọ̀ n'Íkẹjà lọ́dún 2015. Gúúsù Áfíríkà ni ẹ̀yà rẹ̀ ti ń wá, iṣẹ́ tó le jù sì ti parí lọ́hùn-ún. Dídè é pọ̀ kò pẹ́. Ohun tó ń pẹ́ ni ọjọ́ orí omi àti ọjọ́ èbúté, owó ẹni tó san án kò sì tíì pa nǹkan kan wọlé ní gbogbo àkókò yẹn.

Peugeot mọ èyí dáadáa. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Kàdúná lọ́dún 1975, ìgbà tí ọkọ̀ sìmẹ́ńtì há èbúté Èkó mọ́lẹ̀, ó sì di pé wọ́n ń fi bàálù kó ẹ̀yà mọ́tò láti Faransé lọ sí Òkè Ọya. Bàálù, fún irin! Wọ́n gbà pé owó bàálù sàn ju kí òṣìṣẹ́ jókòó lásán.

Nígbà tó di àárín àwọn ọdún 1980, owó òkèèrè tí wọ́n ó fi ra ẹ̀yà ló wọ́n. Òṣìṣẹ́ wà, ẹ̀rọ wà, ọwọ́ wọn kò gbàgbé iṣẹ́, àmọ́ iye mọ́tò tó ń jáde ní Kàdúná, ní Volkswagen l'Ékòó àti ní Leyland n'Íbàdàn wálẹ̀ gan-an.