Ẹ̀rọ Ìtẹ̀wé Tí Gbogbo Olùkọ́ Yóò Jọ Lò

Ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin tí ẹ dá ilé-ìwé sílẹ̀, ẹ mọ̀ pé bí ìdánwò bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, owó tí à ń kó fún àwọn oníkọ̀ǹpútà ẹ̀bá ọ̀nà kì í ṣe kékeré. Abájọ tí ọ̀pọ̀ ilé-ìwé fi ń fẹ́ ra ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tiwọn. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí owó rẹ̀ kéré jù lọ lórí àtẹ lè jẹ́ èyí tí yóò gbọ́n àpò yín gbẹ. Ẹni tó ra ẹṣin kò tíì ra koríko.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní akẹ́kọ̀ọ́ 200 ni ẹ ní, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ṣe ìdánwò 8, tí ìbéèrè kọ̀ọ̀kan sì gba ojú ìwé 2. Ojú ìwé 3,200 nìyẹn ní sáà kan ṣoṣo. Bí kátíríìjì kan bá ń tẹ ojú ìwé 200, 16 ni ẹ ó rà. Bí ó bá ń tẹ 1,600, 2 péré ni. Nítorí náà, ẹ béèrè iye owó kátíríìjì, kí ẹ fi iye ojú ìwé tí wọ́n kọ sára páálí rẹ̀ pín in. Ẹ sì fura díẹ̀: ojú ìwé tí lẹ́tà bo nǹkan bí ìdá 5 péré nínú 100 ni wọ́n sábà máa ń fi ṣírò. Ìwé tó kún fún àwòrán yóò tètè jẹ ẹ́ tán. Èyí tó bá ẹ̀rọ tuntun wá pàápàá kì í sábà kún.

Ní tèmi, ẹ̀rọ lésà tó ń tẹ dúdú nìkan ló yẹ ilé-ìwé jù. Ìyẹ̀fun ló ń lò, kì í gbẹ bí a bá pa á tì ní ìsinmi gígùn. Yíǹkì olómi lè gbẹ dí ihò ẹ̀rọ rẹ̀. Àmọ́ ooru ló fi ń yọ́ ìyẹ̀fun náà mọ́ ìwé, nítorí náà ó ń fa iná gidigidi. Ẹ má ṣe kì í bọ UPS kékeré. Bí jẹnẹrétọ̀ yín kò bá lágbára, tí ẹ sì ń tẹ̀wé lójoojúmọ́, ẹ wo àwọn onítáńkì tí à ń da yíǹkì inú ìgò sí.

Nítorí pé àjọlò ni, ẹ ra èyí tó ní ojúhò nẹ́tíwọ̀kì tàbí Wi-Fi. Bí ó bá jẹ́ kọ̀ǹpútà akọ̀wé nìkan ni ẹ so ó mọ́, ọjọ́ tí akọ̀wé kò bá wá, iṣẹ́ dúró nìyẹn. Ìbéèrè ìdánwò kò sì gbọdọ̀ sùn sórí ẹ̀rọ níbi tí gbogbo ènìyàn ń gbà kọjá. Àwọn ẹ̀rọ kan wà tí kò ní tẹ̀ ẹ́ àfi bí olùkọ́ bá tẹ nọ́ńbà àṣírí tirẹ̀. (Ìwé ìpè ìnáwó tí olùkọ́ míì ń fi ìyẹ̀fun ilé-ìwé tẹ̀, ọ̀gá ilé-ìwé ni yóò mójú tó ìyẹn.)

Kí ẹ tó sanwó, ẹ wá kátíríìjì rẹ̀ dé ṣọ́ọ̀bù 2 tàbí 3 nínú ìlú yín. Bí ẹ kò bá rí i, ẹ fi ẹ̀rọ náà sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín.